Kókó Lábẹ́ Ọmú Òsì

Ọmọbìnrin mi kejì ti pé oṣù mẹ́jọ lọ́jọ́ tí ọwọ́ mi ba kókó náà. Balùwẹ̀ ni mo wà, nílé tá à ń gbé ní Ajégúnlẹ̀, ilé oníyàrá méjìlá tí gbogbo wa jọ ń lo balùwẹ̀ kan ṣoṣo. Mo ń fi ọṣẹ para, ọwọ́ mi kọjá lábẹ́ ọmú òsì, ó tún padà síbẹ̀. Ó le, ó tó kóró àgbálùmọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, kò dùn mí. Àìdùn rẹ̀ gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Ẹnì kan gbá ilẹ̀kùn páànù. "Ṣé ẹ sùn síbẹ̀ ni?"

Mo da omi sára, mo jáde. Ọṣẹ ṣì wà létí mi.

Awakọ̀ tírélà ni ọkọ mi. Ó wà lórí ìlà ní èbúté Tin Can, ó ti lo ọjọ́ mẹ́rin níbẹ̀ láìrí ẹrù gbé. Nígbà tó pè, ó béèrè àwọn ọmọ, mo ní wọ́n wà dáadáa.

"Ìwọ náà ńkọ́?"

"Mo wà." Mo ní ìrẹsì mi ń jóná, mo pa fóònù. Mi ò sì gbé ìrẹsì kaná.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ sọ fún ni aránṣọ tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa. Ọmọ Urhobo ni, àmọ́ Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Yorùbá rẹ̀ já geere ju tèmi tí mo ti Ìjẹ̀bú wá lọ. Bó bá fẹ́ fi ọkàn ẹni balẹ̀ ló máa ń bọ́ sí pijin. Ó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, Àǹtí ni mò ń pè é. Òun ni gbogbo ìyálọ́mọ inú ilé ń bi ní ìbéèrè: ọmọ tó ń hu eyín, ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ọmú tó wú.

"Nó wọ́rì, ìyàwó," ló wí, kò tiẹ̀ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí máṣìnnì. "Wàrà ló dì. Fi omi gbígbóná jó o, kó o fi kóòmù yà á wálẹ̀."

Mo fi omi jó o. Mo fi kóòmù yà á títí awọ fi bó. Kókó ò lọ. Ọkùnrin kẹ́mísì kò wò mí lẹ́ẹ̀mejì tó fi ka kápúsù pupa àti dúdú sínú bébà fún mi. Màmá mi lórí fóònù ní kí n má fún ọmọ lọ́mú òsì mọ́. Obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọmú òsì gan-an ni kí n máa fún un, kó lè fà á jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, dókítà kan ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò: "Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá rí kókó lọ́mú, ẹ má ṣe..." Iná lọ. Mo sáré jáde, mo ń wá ẹni tí rédíò rẹ̀ ń lo bátìrì. Kí n tó rí ọ̀kan, ìpolówó ọṣẹ ni wọ́n ń ṣe.

Ẹ má ṣe kí ni? Mo gbálẹ̀ yàrá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ yẹn. Mo fọ aṣọ tó ti mọ́. Lójú ọ̀nà, níwájú ìsọ̀ alátà, mò ń tẹ kókó yìí, mo ń ṣe bí ẹni tó ń tún okùn kọ́mú ṣe.

Ọjọ́ tí wọ́n ń wọn ọmọ ní sẹ́ńtà ìlera pé. Mi ò pa á jẹ rí. Káàdì àjẹsára ọmọ mi ò ní àlàfo kankan. Nọ́ọ̀sì gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó wá wojú mi.

"Ìyá ńkọ́?"

Ẹnu mi ti là. Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn ń tì mí, ọmọ wọn ń ké.

"Dáadáa ni, mà."

Mo dé ẹnu géètì, mo yí padà. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo tún yí padà. Ilé ni mo kọrí sí nígbẹ̀yìn. Ojú ọ̀nà ló ti yé mi pé látìgbà tí mo ti bímọ, kò sẹ́ni tó yẹ èmi fúnra mi wò, èmi náà ò sì ní kí wọ́n yẹ̀ mí wò.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ dúró níwájú máṣìnnì Àǹtí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sìn mí lọ sí sẹ́ńtà. Bí mo bá dá lọ, màá tún yà kúrò lọ́nà."

Ó pòṣé. Ó wò mí, ó dìde. Téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì àgbà fọwọ́ yẹ ọmú mi wò. "Ó lè jẹ́ wàrà, ó lè má jẹ́ wàrà. Ọwọ́ ò lè sọ ọ́. Dókítà ló máa wò ó." Bó ti ń kọ lẹ́tà tí màá mú lọ sọ́sibítù, nọ́ọ̀sì kékeré kan ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru gbogbo ẹni tó wà lórí bẹ́ńṣì. Ó kan Àǹtí.

"Rárá o, mo kàn sìn ín wá ni."

"Ẹ na apá, mà."

Ó wọ̀n ọ́n. Ó ní kó na apá kejì. Ó pe nọ́ọ̀sì àgbà, ìyẹn náà wọ̀n ọ́n.

"Ṣé orí máa ń fọ́ yín?"

"Ta ni orí kì í fọ́ l'Ajégúnlẹ̀?" Àǹtí rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga débi pé wọn ò jẹ́ kó lọ àfìgbà tó lo oògùn lójú wọn, tó sì jókòó fún wákàtí kan gbáko.

Lọ́jọ́ karùn-ún, dókítà ọ́sibítù fi abẹ́rẹ́ fa kókó tèmi. Wàrà ló jáde, wàrà tó ti ki. Ohun tí Àǹtí wí ló ṣẹ. Mo sunkún níbẹ̀, mo rò pé ara mi máa balẹ̀ wàyí.

Kò balẹ̀. Kò ju oṣù kan lọ tí Àǹtí fi pa oògùn tirẹ̀ tì.

"Ara mi ti yá. Wọ́n ní ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ò lè fi í sílẹ̀ mọ́."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Gbogbo ayé."

Àràárọ̀ ni mò ń kanlẹ̀kùn rẹ̀, tí mò ń béèrè bóyá ó ti lo oògùn, títí ó fi bínú: "Ṣé ìwọ lo bí mi ni?" Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi dá mi lóhùn. Mi ò kanlẹ̀kùn rẹ̀ mọ́, àmọ́ bí ìró máṣìnnì bá ti dáwọ́ dúró, màá yọjú láti ẹ̀yìn kọ́tìnì.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, máṣìnnì dákẹ́. Kí n tó dé ẹ̀yìn kọ́tìnì, Àǹtí ti wà lẹ́nu ọ̀nà mi.

"Ìyàwó, ọwọ́ mi ò di abẹ́rẹ́ mú." Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Mo gbé ọmọ lé aládùúgbò lọ́wọ́. Táńkà ti dí títì pa, àmọ́ ọ̀kadà ṣì ń ná gbogbo Àpápá nígbà yẹn. Mo gbé Àǹtí sáàárín èmi àti ọlọ́kadà, mo gbá a mọ́ra, à ń gba àárín tírélà kọjá lọ sọ́sibítù. Gbogbo ìgbà tí orí rẹ̀ bá ti wó sí èjìká mi ni mò ń pè é. Ó ń dáhùn.

Kò kú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò lọ́sibítù. Ẹnu rẹ̀ padà sí àyè rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà padà, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún ò padà tán. Ó ṣì ń fi máṣìnnì rán aṣọ. Etí aṣọ tí wọ́n ń fọwọ́ ká ni kò lè ṣe mọ́. Ó ń lo oògùn rẹ̀. Kò fìgbà kan sọ pé mo jàre, èmi náà ò sọ ọ́.

Láti ìgbà náà la ti jọ ń lọ fún àyẹ̀wò. Wọ́n á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru tirẹ̀, wọ́n á wọn tèmi, wọ́n á tún yẹ ọmú mi wò. Mi ò lè jókòó dúró de ìgbà tí wọ́n á pe orúkọ mi. Màá rìn dé géètì, màá padà, màá ka ìwé ara ògiri tí mo ti kà tẹ́lẹ̀.

"Ìyàwó, jókòó," Àǹtí á ní. "Lílọ bíbọ̀ rẹ yìí, òòyì ti ń kọ́ mi."

Màá jókòó. Kò ní pẹ́ tí màá tún dìde.