Ta Ló Dá Táyà Padà Sẹ́sẹ̀ Ọkọ̀ Tó Pa Bàbá Láwàlì?

Ọkọ̀ tó pa Bàbá Láwàlì kì í ṣe ọkọ̀ àjèjì. Bàbá fúnra wọn ti tú ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì ti ní kò gbọdọ̀ rìn. Ọjọ́rú ló já ṣòòròṣò láti orí òkè, tó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ omi ilé-ìwé wa ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Wọ́n ti já ewé tútù sójú ọ̀nà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Awakọ̀ wo ni kò mọ̀ pé ewé tútù lójú títì, rọra ló ń wí? Awakọ̀ yìí náà rí i. Ó tẹ bíréèkì. Kí ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bá níbẹ̀?

Ilé-iṣẹ́ tó ń fọ́ òkúta lẹ́yìn Ìdí-Oṣè, abúlé wa lọ́nà Ewékorò, ló ni ọkọ̀ náà. Wọ́n ní kádàrá ni.

Ìsọ̀ tí mo ti ń ránṣọ kọjú sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Láwàlì, títì ló wà láàárín wa. Mẹkáníìkì ni wọ́n, ṣùgbọ́n kí ni wọn kì í tún ṣe? Ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́, gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí, géètì ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, bẹ́ẹ̀dì tí aláboyún ń bímọ lé. Wọ́n á kọ́kọ́ dẹtí sí nǹkan, bí ẹni ń gbọ́ ẹjọ́, kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Tí máṣíìnì mi bá ń já òwú, wọ́n á ní, "Ìyàwó mi, ẹ̀rọ ò ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Ta ló múnú bí ọ tóo fi ń tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Wọ́n ní àṣà kan. Ohun tó bá ti jẹ tán lára ọkọ̀, wọn kì í sọ ọ́ nù. Wọ́n á fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ ọlọ́kọ̀ sí i lára, wọ́n á sì gbé e kọ́ ìṣó lára ògiri, níbi tí gbogbo ayé á ti rí i. Wọ́n ní ẹni tó bá ń rí egbò ọkọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, ojú á tì í títí á fi ra tuntun. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé ṣúù bíréèkì ọkọ̀ òkúta yẹn kọ́, ohun tó ń di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú kó lè dúró. Ó ti jẹ dé irin.

Adéṣínà, ọ̀gá àwọn awakọ̀ ilé-iṣẹ́ náà, dé bá ọkọ̀ náà ní ṣọ́ọ̀bù, táyà ẹsẹ̀ kan ṣì wà nílẹ̀. "Bàbá, ẹ dá táyà yẹn padà. Òkúta ń dúró dè wá."

"Ẹ ra ṣúù wá."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ọkọ̀ ni?"

"Èmi kọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó wà nísàlẹ̀ òkè yìí, àwa la ni wọ́n."

Adéṣínà bú sẹ́rìn-ín. "Mẹkáníìkì oko! Bí ẹ ṣe gbọ́n tó yìí, kí ló dé tí ẹ ò lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Ṣàpọ́n nígboro?"

"Àwọn ará Ṣàpọ́n ní mẹkáníìkì. Ẹ̀yin lẹ ò ní."

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá lọ kírun ọ̀sán. Adéṣínà kó èèyàn dé. Wọ́n dí páìpù bíréèkì ẹsẹ̀ yẹn pa, tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ náà ò ní bíréèkì mọ́, wọ́n dá táyà padà, wọ́n wa ọkọ̀ lọ. Ó ṣojú mi. Nígbà tí Bàbá dé, tí wọ́n rí epo bíréèkì nílẹ̀, ọ̀kadà ni wọ́n gùn tààrà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá ní kí wọ́n máa lọ sílé, ọkọ̀ kì í ṣe ọkọ̀ bàbá wọn.

Ṣé kádàrá náà ló dí páìpù? Ṣé Ọlọ́run ló mú sípánà dání?

Ẹ wo ìkà tí wọ́n tún fi lé e. Àwa Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. A sáré wẹ Bàbá, a kírun sí wọn lára, a gbé wọn lọ. Bí a ṣe ń da yẹ̀pẹ̀ bò wọ́n, ni ilé-iṣẹ́ ń fa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Àwa ń sáré nítorí Ọlọ́run. Àwọn ń sáré nítorí kí ni? Nígbà tí a dé àgọ́ ọlọ́pàá, ohun tí a gbọ́ ni pé, "Òkú ò sí, ọkọ̀ ò sí. Ẹjọ́ wo lẹ fẹ́ rò?"

Lọ́jọ́ àdúà ọjọ́ kẹjọ, ilé-iṣẹ́ fa màlúù wá, ó gbé ìrẹsì wá. Ẹ kú inú rere o! Adéṣínà jókòó síwájú, àlùfáà ń ṣàdúà kí iṣẹ́ rẹ̀ máa gbòòrò. Adéṣínà dìde, ó ní àkókò Bàbá ló tó, kí a gba kámú. Ìyàwó Bàbá, Màmá Sìlífátù, kò pariwo.

"Ẹ ṣé o, ọmọ mi. Ọkọ̀ yẹn ńkọ́? Ẹ ti fi bíréèkì sí i?"

Adéṣínà ń wo bàtà ara rẹ̀.

Kò pẹ́ sí i ni onírin àlòkù kan dé, tó lóun fẹ́ ra gbogbo irin ara ògiri ṣọ́ọ̀bù Bàbá. Irin tó ti dípẹtà! Màmá ní, "Lọ sọ fún Adéṣínà tó rán ọ pé ọjà ti tú."

Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni gba kámú. Kí wọ́n fa ọkọ̀ náà jáde níbi tí wọ́n fi pa mọ́ sí, kí wọ́n tú ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú wa. Kí wọ́n mú Adéṣínà. Kí ọ̀gá tó ń rán an níṣẹ́ wá dúró níbi tí ewé Bàbá gbẹ sí, kó wá tún pè é ní kádàrá níbẹ̀. Kí ọlọ́pàá tó lé Bàbá padà wá dárúkọ ara rẹ̀. Títí wọn yóò fi ṣe é, kí oorun má kan ojú wọn.

Ṣúù bíréèkì náà ò sí lórí ìṣó mọ́. Ó wà níbi tí a fi í sí. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ṣì funfun lára rẹ̀, ọwọ́ Bàbá Láwàlì ló kọ ọ́. Adéṣínà, o ní o fẹ́ rà á. Má náwó rẹ. Wá gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, níwájú adájọ́.