Òfin Káàdì Tí Bàbá Rẹ̀ Kọ́ Ọ

Nígbà tí mo fẹ́ ìyàwó mi, ó ti ní ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Bàbá ọmọ náà ti kú kí n tó mọ̀ wọ́n. Mo kó àwọn méjèèjì wá sílé mi nítòsí Dópẹ̀mú, ọmọ náà sì ń pè mí ní Àǹkú. Kò rí mi fín o. Á kúnlẹ̀ láàárọ̀, á ní "Ẹ káàárọ̀, Àǹkú," á sì wọ yàrá lọ. Ọ̀rọ̀ wa kì í kọjá bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tó kó wá láti ilé wọn àtijọ́ tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn: agolo bisikíìtì kan tó kún fún káàdì. Bàbá rẹ̀ ló rà wọ́n fún un. Àwòrán ẹranko àràmàǹdà ló wà lára wọn. Òmíràn ń yọ iná lẹ́nu, òmíràn ń gbé inú omi, òmíràn hu ewé lẹ́yìn. Èèyàn méjì ló ń ṣe eré náà. Kálukú á gbé ẹranko tirẹ̀ síwájú, wọ́n á sì máa jà.

Ní Sátidé kan tí mi ò lọ síbi iṣẹ́ ní Ìlúpéjú, wọ́n mú iná lọ, tẹlifíṣọ̀n kú. Mo bá ọmọ náà ní pálọ̀ tó ń dá eré náà ṣe, ọwọ́ ọ̀tún ń bá ọwọ́ òsì jà. Mo jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ṣé o lè kọ́ mi?"

Ó wò mí. "Àǹkú, ó le o."

"Rọra kọ́ mi."

Ó fi ìka kan ìsàlẹ̀ káàdì kan. "Ẹ wo ibí. Kùdìẹ̀-kudiẹ rẹ̀ nìyí. Ti eléyìí, omi ni. Tí ẹranko olómi bá ti lù ú, ó kú nìyẹn. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ìfaradà. Ohun tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ ò lè ṣe é ní nǹkan kan. Dádì mi ló kọ́ mi."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí mo bá ti bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ nírọ̀lẹ́, màá ra búrẹ́dì Agége tó ṣì gbóná, a ó máa jẹ ẹ́, a ó máa ṣeré. Òun ló máa ń borí. Nígbà tó yá, ó ń sọ̀rọ̀ ilé-ìwé fún mi, ó ń bi mí léèrè nípa ẹ̀rọ tí mò ń tún ṣe.

Mo gbọ́ pé àwọn kan máa ń péjọ fi káàdì yìí ṣeré ní Ìkẹjà, mo bá mú un lọ. Wọ́n ní kó bá obìnrin ọ̀dọ́ kan tó wọ awò ojú ṣeré. Ọmọ náà gbé ẹranko olómi rẹ̀ jáde, ó fi lu ẹranko oníná obìnrin náà, ó sì nawọ́ láti gbé e kúrò lórí tábìlì.

"Dúró ná, àbúrò mi." Obìnrin náà rọra di káàdì rẹ̀ mú. "Kò tíì kú. Tó bá jẹ́ kùdìẹ̀-kudiẹ rẹ̀ ni, ṣe lo máa sọ ìyà náà di ìlọ́po méjì. Ogójì lo fi lù ú, ó di ọgọ́rin. Ẹ̀mí ọgọ́fà ló ní. Ogójì ṣì kù."

"Ìfaradà ńkọ́?" Èmi ni mo béèrè.

"Ọgbọ̀n péré ló ń yọ kúrò níbẹ̀, sà. Ìyókù á ṣì dùn ún."

Ọmọ náà wò mí. Èmi náà kò kúkú mọ̀. Ó parí eré náà, wọ́n borí rẹ̀, ó kó káàdì rẹ̀ sínú agolo.

Inú kẹ̀kẹ́ tí a wọ̀ padà ló ti bú sẹ́kún. "Àǹkú, ṣé irọ́ ni Dádì mi pa fún mi?"

Mi ò mọ ọkùnrin náà rí, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ tún pàdánù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

"Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́ nígbà tó kọ́ ẹ?"

"Márùn-ún."

"Ṣé o ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ogójì di ìlọ́po méjì nígbà yẹn?"

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Rárá."

"Mo rò pé ṣe ló gé òfin náà kúrú kó lè bá ẹ mu."

Bí a ṣe délé, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ tó ń ṣa ẹ̀wà ló gbà lọ. Ìyàwó mi gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀.

"Dádì ẹ ka ìwé òfin yẹn dáadáa. Mo bi í pé kí ló dé tí kò kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ó ní, 'Jẹ́ kó kọ́kọ́ fẹ́ràn ẹ̀ ná. Tó bá ti mọ ìṣirò, màá kọ́ ọ ní ìyókù.'"

Ọmọ náà gbé orí lé itan ìyá rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, ó mú bébà àti bírò wá bá mi.

"Àǹkú, ẹ jẹ́ ká ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an. Èmi ni màá máa ṣírò ẹ̀."

Mo fi oníná mi lu eléwé rẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ó yọ ọ́ kúrò.

"Ó ku mẹ́wàá!" Ó fò sókè. "Kò kú, Àǹkú! Kò kú!"

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, a padà sí Ìkẹjà. Wọ́n tún borí rẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú bí a ṣe ń sọdá títì, ó ń ṣàlàyé fún mi ẹranko tí òun ì bá ti gbé síwájú, kò sì dákẹ́ títí a fi wọlé.