Irun Kòfó àti Ìgbéyàwó Ọbabìnrin

Àrìnpé onídìrí l'Ágbówó ò gbọ́ òyìnbó, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọbabìnrin inú ìwé òyìnbó kan tí kò mọ̀. Kòfó, ọmọ yunifásítì tó máa ń wá dirí lọ́dọ̀ ẹ̀, ló ń kà á fún un ní Yorùbá. Tó bá kan ọbabìnrin, á fún imú pọ̀ bí ìyàwó ọ̀gá Bódìjà. Tó bá kan dírágónì, á máa kùn bí jẹnẹrétọ̀ tó fẹ́ kú.

Ìwé tó parí ìtàn náà ló mú wá lónìí. Lọ́la ló ń lọ ṣe agùnbánirọ̀ ní Sókótó, Àrìnpé ò sì tíì mọ̀ bóyá ọbabìnrin á fẹ́ jagunjagun tí ọkàn ẹ̀ fà sí. Irun ti fẹ́ tán, ìwé ò tíì tán. Ni Àrìnpé bá rọra ń tú èyí tó ti dì níwájú.

"Àǹtí, kí lẹ ń tú?"

"Ó wọ́ ni."

"Irun yín kì í wọ́. Ọbabìnrin lẹ ń tú u fún."

Àrìnpé bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ fi orí mi sílẹ̀, ẹ jókòó," Kòfó ní. "Mi ò ní kúrò níbí títí wọ́n á fi ṣègbéyàwó."

Wọ́n ṣe é lóòótọ́. Dírágónì ló gbé ìyàwó wá, tó ń tutọ́ iná síbi tí ò kàn án. Àrìnpé fi etí aṣọ nu ojú.

"O ṣé o, Kòfó. Kò sẹ́ni tó jókòó kàwé fún mi rí."

Ó dìde, ó ń di èyí tó tú padà.

Kòfó fi ohùn dírágónì dáhùn: "Ó tọ́ sí yín, Àǹtí. Ẹ ṣáà má fà á le."