Ọwọ́ Kútọnu ní Pálọ̀ Àlàájì

Ojú ọjọ́ àti ilẹ̀ ni mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀ ní yunifásítì, kí ebi tó kọ́ mi ní táìlì lílẹ̀ ní Boundary, ní Ajégúnlẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n débi pé èmi ni mo kọ́ Dósù, ọmọ Kútọnu tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà Èkó ti gbà pé ará Kútọnu nìkan lọwọ́ rẹ̀ mọ táìlì.

Àlàájì kan ní Àpápá pè wá pé ká wá lẹ pálọ̀ òun. Ó wò wá.

"Ta ni ará Kútọnu nínú yín?"

Dósù nawọ́ sókè.

"Ìwọ ni kó lẹ̀ ẹ́. Ìwọ kejì, máa po símẹ́ǹtì."

"Sà, èmi ni ọ̀gá ẹ̀."

"Ọmọ Ajégúnlẹ̀ kì í lẹ táìlì kó dúró."

Ó ní ìdajì owó tí mo pè lòun máa san, torí àlejò ló máa ṣe é. Bí a ṣe ń ṣiṣẹ́, ó jókòó tì wá, ó ń ṣàlàyé bí àwọn àlejò tí kò níwèé ṣe já owó iṣẹ́ wálẹ̀, tí wọ́n kún ilé ìwòsàn ìjọba. Ohun tó bí mi nínú jù ni pé owó iṣẹ́ já wálẹ̀ lóòótọ́. Ta ló wá já a? Ilé ìwòsàn ńkọ́? Àlàájì ò mọ ẹnu ọ̀nà ibẹ̀. Ìyàwó mi ló ń tò níbẹ̀, aboyún Kútọnu níwájú, aboyún Ìlàjẹ lẹ́yìn, kò sì sí oògùn fún ẹnì kankan.

Àlàájì yíjú sí i. "Dósù, kì í ṣe ìwọ ni mò ń bá wí o. Àwọn yòókù ni."

"Àwọn yòókù ní kí n kí yín, sà."

Nígbà tó yá, Àlàájì ní ká yára. Lọ́la, ẹgbẹ́ onílé máa ṣèpàdé ní pálọ̀ náà lórí bí wọ́n ṣe máa lé àwọn àlejò. Òun ti pe ará ìmígíréṣọ̀n. Dósù fọwọ́, ó ní òun ń lọ kí ẹ̀gbọ́n òun ní Marine Beach. Kò padà.

Lọ́jọ́ kejì tí mo lọ kó irinṣẹ́, àwọn onílé fún ara wọn mọ́ ibi tí táìlì dé, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Àlàájì fà mí sí kọ̀rọ̀.

"Dósù dà?"

"Ẹ ti lé e, sà."

"Èmi? Ṣé o ò mọ ará Kútọnu mìíràn?"

Mo nawọ́ sí ará ìmígíréṣọ̀n tó wọ yúnífọ́ọ̀mù láàárín wọn. "Ẹ bi wọ́n, sà. Àwọn ló mọ ibi tí àwọn ará Kútọnu wà."

Ó wo ilẹ̀ tó kù, ó wò mí.

"Èló lo pe iṣẹ́ yìí níjọ́sí?"

"Ó ti gbówó lórí sí i, sà."