Wọn Ò Pè Mí ní Ìyá Délé Mọ́

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí nǹkan bàjẹ́, èmi àti Ìyá Ràsídì ń jà nílé ìdáná. Ilé oníyàrá púpọ̀ là ń gbé ní Mushin, ilé ìdáná kan ṣoṣo ni gbogbo ayálégbé ń lò, obìnrin yìí sì ti gbé sítóòfù rẹ̀ sí ààyè mi.

"Ìyá Délé, ṣé bàbá yín ló kọ́lé yìí ni?"

"Bàbá tiyín náà kọ́ ló kọ́ ọ."

"Tíṣà! Gírámà ò se ẹ̀wà o!"

Délé, ọmọ mi, jókòó sórí garawa tó dojú dé, ó ń fi àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Òun nìkan ni mo bí.

A kò tíì parí ìjà náà tí ìbọn fi dún láti ọ̀nà ọjà Ojúwòyè.

Ọdún tí àwọn ológun wọ́gi lé ìbò ni. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí máa ń tún ọ̀rọ̀ mi ṣe: wọ́n ní rògbòdìyàn ni, kì í ṣe ogun. Ó ṣeé ṣe. Ọta ìbọn kì í dúró béèrè ohun tí ìwé ìròyìn fẹ́ pè é.

Wọ́n dáná sun táyà ní gbogbo oríta. Èéfín wọ inú aṣọ tí a sá, ó wọ inú omi mímu. Ọjà tì, ṣọ́ọ̀bù tì. Gàrí láàárọ̀, gàrí lálẹ́; nígbà tí ṣúgà tán, a fi iyọ̀ sí i. Bí ìbọn bá ti dún, a ó sá kúrò ní yàrá iwájú lọ dojú bolẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn. Ọkọ mi, akọ̀wé ìjọba tí kì í jókòó láìnu àga, na gbọọrọ sórí sìmẹ́ńtì, ó di ẹsẹ̀ Ìyá Ràsídì mú ṣinṣin, ó rò pé tèmi ni.

Ní ọjọ́ kẹta, omi tán nílé. Ìbọn ti dákẹ́ láti àárọ̀. Délé gbé garawa.

"Mọ́mì, kànga ilé kejì ni. Mò ń bọ̀."

"Má pẹ́ o."

Ìbọn dún lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré, ẹnì kan sì ń ké láti ìta: "Ìyá Délé! Ìyá Délé o!"

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ló sin ín. Wọ́n ní òbí kì í fojú kan sàréè ọmọ. Àwọn obìnrin dì mí mú nínú yàrá. Títí di òní, n kò mọ ibẹ̀.

Àwọn olùtùnú dé. Lánlọ́ọ̀dù ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ní ọjọ́ orí mi, agbè náà ti gbẹ kí omi tó dànù. Ọ̀gbẹ́ni kan tó fẹ́ di káńsẹ́lọ̀ wọ agbádá wá, ó ní akọni ìjọba tiwa-n-tiwa ni ọmọ mi. Mo ní omi ló lọ pọn. Kò gbọ́, àwọn èèyàn rẹ̀ ti ń pàtẹ́wọ́.

Mo lè fara da ìyẹn. Ṣùgbọ́n ilé ti fẹnu kò lẹ́yìn mi pé kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ọmọ náà létí mi mọ́. Àánú mi ló ṣe wọ́n. Orúkọ tí wọ́n ti ń pè mí láti ọjọ́ ìkómọ rẹ̀ di èèwọ̀. Mo di "Àǹtí". Mo di "Tíṣà". Ọkọ mi pàápàá wá ń pè mí ní "Ṣé o gbọ́?" Nígbà mìíràn, mo máa ń ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀, kí n pe ara mi: "Ìyá Délé." Kò dà bíi kí ẹlòmíràn pè é.

Ìyá Ràsídì nìkan ni kò wá tù mí nínú. Á gbé ọbẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà mi, á sì sá lọ.

Ní ọjọ́ tí mo padà sílé ìdáná, mo gbé sítóòfù mi ka ibi tí ọwọ́ mi bà, mo gbé ẹ̀wà lé e. Ìyá Ràsídì wọlé.

"Ìyá Délé! Ẹ ò ríbòmíràn gbé e ni? Ààyè mi mà nìyẹn!"

Ìyàwó mẹkáníìkì tá a jọ ń gbélé, tó ń bẹ iṣu, fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Ràsídì káwọ́ lérí.

"Yéè! Ẹ forí jì mí, Àǹtí. Mi ò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu mi."

"Ẹ tún un pè."

"Hẹn?"

"Ẹ tún mi pè, Ìyá Ràsídì. Ẹ bú mi sí i."

Ó wò mí. Omijé ti kún ojú rẹ̀. "Ìyá Délé," ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Kí ni kí n wá máa pè yín? Ṣé ẹ ò bí i ni? Ta ló ń bá mi gbé ata lọ lọ̀? Ta ló ń jí ẹran nínú ọbẹ̀ mi?"

"Délé ń jí ẹran?"

"Gbogbo Sátidé! Ìyá olè!"

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ló di ẹkún tí n kò tíì sun láti ọjọ́ yìí wá. A jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sọ ìtàn ọmọ mi fún mi títí ẹ̀wà fi jóná.

Ìbọn ti dákẹ́ tipẹ́. Ọkọ mi ti kú, wọ́n ti wó ilé náà. Ní Surulere tí mo wà báyìí, òpópónà dákẹ́, "Màmá Tíṣà" ni wọ́n sì ń pè mí. Ìyá Ràsídì nìkan ló kù tó mọ orúkọ mi, ìgbàgbé sì ti ń mú un lọ. Nígbà tí mo lọ kí i láìpẹ́ yìí, ó ń bi Ràsídì tó jókòó tì í pé ọmọ ta ni í ṣe. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, n kò lè wọlé. Ó wò mí títí.

"Ìyá Délé," ó ní, "ẹ tún ti gbé sítóòfù yín sí ààyè mi."

Mo ní kó má bínú. Mo ní n ó gbé e kúrò.