Ìgànná tó dí ọ̀nà omi ní Kpakungu

Oyèdìran kì í ṣe ọ̀lẹ. Iṣẹ́ bíríkìlà ló gbé e láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Minna. Ọdún méjìdínlógún ló fi kọ́lé fún ẹlòmíràn kó tó kọ́ yàrá mẹ́wàá tirẹ̀ sí àdúgbò Kpakungu níbẹ̀, tó kó ayálégbé sí i. Ojú àgbàrá ló kọ́ ọ sí. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan kìlọ̀ fún un pé òjò tó ń bọ̀ níwájú máa le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kó fi àyè sílẹ̀ fún omi. Oyèdìran gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ó ní kí Ọlọ́run fi àmì hàn òun. Lọ́dún yẹn, òjò ò fi bẹ́ẹ̀ rọ̀. Ó ní àdúrà ti gbà, ó fi ìgànná bulọ́ọ̀kù dí ọ̀nà omi pátápátá.

Lọ́dún kejì, lọ́sàn-án Sátidé kan, òjò dé. Omi kọlu ìgànná, ó ṣẹ́rí padà, ó ya wọ ilé Junaid, aládùúgbò rẹ̀. Junaid gbé òòlù ńlá dé.

"Haba, Baba Oyè! Ẹ kúrò níbẹ̀! Omi ti mu Rọ́fíàt ìyàwó mi dé àyà, ilẹ̀kùn ò ṣí!"

"Tó o bá wó o, yàrá mi lọ nìyẹn! Àwọn ayálégbé mi ńkọ́?"

"Kí wọ́n jáde! Wọn ò lẹ́sẹ̀ ni? Wallahi, màá wó o!"

Ó gbé òòlù sókè. Oyèdìran, díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi, fi àdá tó mú jáde láti ṣọ́ ìgànná náà ṣá a lápá. Ẹ̀jẹ̀ tú sára bulọ́ọ̀kù. Junaid fi orí kàn án nímú, eegun imú dún kàù. Àwọn méjèèjì ṣubú sínú ẹrẹ̀, wọ́n ń fún ara wọn lọ́rùn.

"Baba Oyè! Ẹ gbà mí o!"

Rọ́fíàt ni, lójú fèrèsé. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, kò pè mọ́.

Oyèdìran la ẹnu láti gbàdúrà. Ó rántí ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Ta ló dá a lóhùn lọ́jọ́sí gan-an? Ó já ara rẹ̀ gbà, ó gbé òòlù Junaid, ó dojú ẹ̀ kọ ìgànná tirẹ̀.

"Ẹ jáde! Gbogbo yín, ẹ jáde!"

Ẹ̀jẹ̀ imú ń ṣàn sí i lẹ́nu. Nígbà tó lù ú lẹ́ẹ̀keje, ìgànná là, omi gbé Oyèdìran fúnra rẹ̀ lu ògiri, yàrá mẹ́rin sì wó lulẹ̀.

Victoria, aránṣọ tó ń gbé yàrá kejì, wọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ jáde nínú omi, ó fọ́ Oyèdìran létí.

"Díákónì, ṣé Ọlọ́run ló ní kẹ́ ẹ kọ́lé sójú àgbàrá?"

Lódìkejì, Junaid fi apá kan gbé ìyàwó rẹ̀ jáde. Rọ́fíàt ń wúkọ́, omi ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Omi ṣì ga nínú ilé wọn. Ìdajì ìgànná ṣì dúró.

Oyèdìran wá òòlù nínú ẹrẹ̀, ó tún gbé e sókè.