Òrùka Ike Aláwọ̀ Búlúù

Kírr, kírr. Bàbá dijú, ó ń fa kábù síwá sẹ́yìn, ó dẹ etí sí irin kẹ̀kẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń sọ àṣírí fún. Kábù ni okùn irin tó ń yí eré kẹ̀kẹ́ padà, kí ẹsẹ̀ lè fúyẹ́ lórí òkè. Òrùka kékeré kan ló ń dì í mú lára kẹ̀kẹ́. Méjì wà nílẹ̀ lórí àpò ìrẹsì: ọ̀kan irin, ó ti dúdú, ara kẹ̀kẹ́ àlòkù ni Bàbá ti tú u, èkejì ike, búlúù, ó ń dán yinrin.

Kì í ṣe bàbá tó bí mi. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe àdúgbò wa ní Dáásà ni, òórùn gírísì àti aáṣáà ló wà lára rẹ̀. Ọmọbìnrin kan láti Kèrè ló fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ náà sáré ìje dé Glazoué.

"Búlúù ni, Bàbá. Ó rẹwà."

"Ẹwà kì í gun òkè." Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ti búlúù sí i. "Ó dáa, akọni. Gùn ún sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè yìí, kí o gùn ún padà nínú oòrùn yìí. Bí kábù bá há, irin la ó fi sí i."

Akọni! Mo wo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, ẹ̀rù rẹ̀ bà mí. Bí mo ṣe kọjá ẹ̀yìn àpáta báyìí, mo bọ́ sílẹ̀. Mo fọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ lọ, mo fọwọ́ tì í bọ̀, mo fi itọ́ pa iwájú orí kí ó lè jọ òógùn.

"Ó ń yọ̀ bí ilá, Bàbá."

Ó wo ẹsẹ̀ mi. Eruku pupa ti kùn ún dé ojúgun.

"Ṣé o gùn ún?"

"Mo gùn ún, sà."

Ó gba ẹnu mi gbọ́ ju ẹsẹ̀ mi lọ.

Lọ́jọ́ ìje, oòrùn mú, ike rọ̀, kábù há lórí òkè àkọ́kọ́. Ọmọbìnrin náà fọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ padà dé ọ̀dọ̀ Bàbá, bí èmi náà ti ṣe gẹ́lẹ́. Ó jù ú sílẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn.

"Bàbá, ẹ dójú tì mí!"

Bàbá wò mí, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó ní, "Má bínú, ọmọ mi. Ojú mi ló ti ń ṣú."

Ojú tó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́! Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé kẹ̀kẹ́ fún ẹni tí ojú rẹ̀ ti ṣú? Ó ń jókòó ti àpò ìrẹsì yẹn lásán títí ó fi kú.

Mo ti di àgbà báyìí, tọ́ńtọ̀n ni àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń pè mí. Wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn láì di ọwọ́ mú. Ẹsẹ̀ ni èmi ṣì ń fi rìn ín. Bí àwọn ará àdúgbò bá sì ń sọ pé ojú ló ba iṣẹ́ bàbá yẹn jẹ́, tí wọ́n yíjú sí mi, èmi tí mo mọ̀ ọ́n jù, mo máa ń ní, "Bẹ́ẹ̀ ni o. Ojú ni."